"Ta Ló Lè Dá A Dúró?": Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Yín Nípa Ìjọba àti Òmìnira Rẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní Mushin, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ara àbúrò mi ọkùnrin gbóná janjan. Ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn kò ju ojúlé mẹ́fà lọ sí tiwa. Bàbá mi wọ bàtà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yọjú sí títì, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Kò sí ẹnikẹ́ni níta, àfi ajá kan tó ń tú ààtàn. Ó rọra ti ilẹ̀kùn padà, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méje ààbọ̀ ni. Màmá mi ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ. Títí aago mẹ́wàá fi lù, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni, ọjọ́ sànítéṣọ̀n, ìyẹn ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, ẹni tí wọ́n bá sì rí níta láàárín aago méje sí mẹ́wàá, wọ́n á gbé e.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó bi mí pé: "Mọ́mì, ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó tì í. Ó ní: "Kí ló wá dé tí Bàbá Àgbà ò jáde?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Mo ti ṣe é pẹ̀lú ọmọ tèmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gbà wá tó oṣù méjì, díẹ̀díẹ̀, lópin ọ̀sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó dúró lọ́kàn wọn. Bí ẹnì kan bá ń pàṣẹ, kò tó kí a bèèrè bóyá èèyàn rere ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ láti bèèrè pé: bó bá ṣi agbára lò, ta ló lè dá a dúró? Ìdáhùn sí èyí ni ìyàtọ̀ láàárín irú ìjọba kan àti òmíràn, òun náà ló sì ń pinnu bóyá bàbá kan lè jáde lọ ra oògùn láago méje ààbọ̀ àárọ̀.

Ẹ ò nílò ju ìwé ìkọ̀wé kan, igbá kan, àgbàlagbà kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àti ìwé òfin Nàìjíríà tí ọdún 1999, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan tó o.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọjọ́ méjì nínú ilé

Ọmọ kò mọ gómìnà, ṣùgbọ́n ó mọ ìyá rẹ̀. Ilé ni ìjọba àkọ́kọ́ tí ó rí, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí kò sí ilé ìwé. Ẹ jí, ẹ pàṣẹ, ẹ má ṣàlàyé. Mo ní: "Kò sí kàtúùnù lónìí." Ó bèèrè ìdí, mo ní mo ti sọ ọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo tún fi kún un pé kò gbọ́dọ̀ lọ ṣeré lọ́dọ̀ àwọn ará ilé kejì. Láago mẹ́rin ó fajú ro, mo ní owó ìtanràn ni, mo sì gba bisikíìtì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ gidi du ọmọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó ju ọjọ́ kan lọ. Lálẹ́, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ fún un pé eré ni, ẹ dá bisikíìtì rẹ̀ padà, kí ẹ wá bi í ohun tó dùn ún jù.

Èrò mi ni pé yóò dárúkọ kàtúùnù. Ohun tó sọ ni pé: "Mi ò mọ ohun tí ẹ tún máa sọ." Ó ní gbogbo ìgbà tí òun gbọ́ ìró bàtà mi ni òun ń dúró de òfin tuntun.

Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lábẹ́ ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè. Yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, ohun tí wọ́n lè kà léèwọ̀ lọ́la tún wà lọ́kàn èèyàn, òun ló ń mú kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ pe ìpàdé. Kí gbogbo ará ilé jókòó, kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin mẹ́ta péré, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́, òfin náà gbọ́dọ̀ de ẹ̀yin náà. Èkejì, ẹ yan ẹnì kan tí kò gbé inú ilé yín gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Màmá mi ni a yàn. Òfin kejì tiwa sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù nídìí oúnjẹ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dáhùn iṣẹ́ kan lórí WhatsApp bí mo ti ń jẹ iyán. Ọmọ yìí ò bá mi jà, ó pe màmá mi. Màmá mi gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi kí òun lè gbọ́ tèmi náà, nítorí agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn náà ó dájọ́ pé kí n gbé fóònù náà sínú dúrọ́ọ̀ títí di àárọ̀. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Bí òbí bá kọ ìdájọ́ yìí pẹ́nrẹ́n, kò sí ohun tí yóò tún sọ nípa ìjọba tiwantiwa tí ọmọ yóò gbà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kábíyèsí àti igbá òfo

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ má fi kánjú. Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé àwọn Òyìnbó ló kọ́ wa láti dá alágbára lẹ́kun.

Ẹ bèèrè ohun tí "Kábíyèsí" túmọ̀ sí lọ́wọ́ ọmọ. Bí àwọn àgbà ṣe ń tú u ni pé kò sí ẹni tí yóò bi ọba léèrè. Ẹ wá fi fìlà dé ọmọ kan, ẹ fi í jẹ Aláàfin, kí àwọn tó kù jẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Méje ni wọ́n: Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí wọn, Àgbàakin, Sàmù, Alápìíni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Bí ọmọ ò bá pọ̀ tó, ẹ fi ìrọ̀rí dí àyè. Kí Aláàfin pàṣẹ bó ṣe wù ú. Nígbà tí àṣẹ bá ti ń di ìnira, ẹ gbé igbá òfo fún Baṣọ̀run kó gbé e fún ọba.

Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá sọ ara rẹ̀ di òǹrorò, Baṣọ̀run lè gbé igbá òfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó túmọ̀ sí pé ìlú ti kọ̀ ọ́, kó tẹ́rí gbaṣọ. Ẹni tí a ń pè ní Kábíyèsí, àwọn méje wà tó lè bi í. Àwọn Ògbóni náà wà, tí ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ti Gáà, kí ọmọ má baà rò pé kíkó àwọn ìjòyè jọ yí ọba ká ti parí ọ̀rọ̀. Gáà di Baṣọ̀run ní 1754. Agbára tó yẹ kó fi dá ọba lẹ́kun ló sọ di ti ara rẹ̀. Ìtàn sọ pé Aláàfin mẹ́rin ló gba ọwọ́ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká ìlú, wọ́n ń gba owó òde bó ṣe wù wọ́n. Kò sí igbá òfo tí ẹnikẹ́ni lè gbé fún un. Aláàfin Abíọ́dún ló kó àwọn èèyàn jọ dìde sí i ní 1774, ibẹ̀ la sì ti rí òwe tí gbogbo ilé ṣì ń pa: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe Baṣọ̀run lọ́jọ́ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ẹni tó ń ṣọ́ ọba náà nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ òun." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Bí àyè bá wà, ẹ fi ti Abẹ́òkúta kún un. Nígbà ìjọba Òyìnbó, wọ́n fi Aláké ṣe ẹnì kan ṣoṣo tí àṣẹ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìjòyè tó ń bá ọba fikùn lukùn tẹ́lẹ̀ kò sì lè dá a dúró mọ́. Owó orí bá ọjà dé, àwọn obìnrin ń san tiwọn lọ́tọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kọ̀wé, wọ́n tú jáde, wọ́n kọrin yí ààfin ká. Ní January 1949 Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì fagi lé owó orí obìnrin. Ọba náà padà wá ní December 1950. Ẹ sọ èyí náà, kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í parí lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá àgbà tó rí 1984

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè mẹ́rin tó: Kí ni ẹ ò lè ṣe nígbà ìjọba ológun? Ta ni ẹ bẹ̀rù? Ẹ̀rọ rédíò ta ni ẹ ń gbọ́? Kí lẹ ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Ẹ jẹ́ kó fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, bí àgbà bá gbà. Ẹ má bá a dáhùn.

Bàbá mi sọ fún un nípa WAI, ètò tí ìjọba ológun fi gbógun ti ìwà àìgbọràn, bí sójà ṣe ń na àgbàlagbà ní ibùdókọ̀ nítorí pé kò tò sórí ìlà. Ó tún sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: pé ìlà yẹn dára, òun fẹ́ràn rẹ̀, ọkọ̀ ò tún di ìjàkadì mọ́. Ọmọ mi wò mí. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni bàbá mi ń sọ, ọmọ tí ẹ bá kọ́ pé gbogbo ohun tí ológun ṣe ló burú, ọjọ́ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn ni yóò rò pé ẹ̀ ń purọ́ fún òun. Ìbéèrè wa ni ọmọ mi tún bi bàbá mi: "Sójà tó bá na ẹni tí kò ṣẹ̀ ńkọ́, ta ló lè mú un?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Ọlọ́run."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé ìròyìn ilé

Ní kí ọmọ kọ ìròyìn mẹ́ta nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò pupa fagi lé èyíkéyìí tó bá bu òbí kù, kódà bó jẹ́ òótọ́. Ní kó ka ohun tó kù sókè. Ọmọ mi kọ ọ́ pé mo gbàgbé láti mú un nílé ìwé títí aago mẹ́rin ààbọ̀. Òótọ́ ni. Mo fagi lé e. Ó ka ìròyìn tó kù: "A jẹ ẹ̀wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iná mọ̀nàmọ́ná dé." Ó ní ẹni tó bá ka èyí yóò rò pé ilé wa dùn gan-an.

Nísinsìnyí, ẹ sọ ti Dìkírì Kẹrin ọdún 1984 fún un. Ìjọba ológun ti Buhari àti Ìdíàgbọn ló ṣe òfin náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè fìyà jẹ oníròyìn tó bá kọ ohun tó dójú ti aláṣẹ, òótọ́ ibẹ̀ kò tó láti gbà á sílẹ̀. Nítorí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú nílẹ̀ òkèèrè, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn The Guardian, rí ẹ̀wọ̀n ọdún kan he, ilé iṣẹ́ wọn sì san ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tí wọ́n lè pẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí. Dìkírì Kejì tún wà, tó fún wọn láṣẹ láti ti èèyàn mọ́lé láì gbé e dé iwájú adájọ́. Babangida ló fagi lé Dìkírì Kẹrin nígbà tó gbàjọba ní 1985.

Mi ò sọ bí wọ́n ṣe pa Dele Giwa, oníròyìn, fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó lè dúró di ọdún mẹ́tàlá. Bákan náà ni ti Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tí ìjọba ológun pa. Èyí tí mo sọ ni ti June 12, 1993, nítorí ó yé ọmọ kíákíá: a dìbò, a rí ẹni tó ń borí, ẹnì kan kan sì dìde ní June 23 ó ní òun ti fagi lé e. Ọmọ tó ti ṣeré ọjọ́ kìíní nínú ilé yín yóò dá a mọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jọ ka ìwé òfin

Orí kẹrin ìwé òfin 1999 ni kí ẹ ṣí, kí ẹ má kà ju abala márùn-ún lọ. Abala 39 sọ pé èèyàn lè sọ èrò rẹ̀. Abala 40 ní a lè kóra jọ. Abala 41 ní a lè rìn káàkiri Nàìjíríà. Èyí tí ọmọ máa ń ya ẹnu sí ni abala 35: ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un nínú ìwé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó yé e. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀.

"Ní èdè tó yé e." Ọmọ mi bèèrè bóyá Yorùbá wà lára rẹ̀. Mo ní ó wà. Ó ní kí n tún un kà.

Ẹ má fo abala 45, tó sọ pé òfin lè dín díẹ̀ kù nínú àwọn ẹ̀tọ́ yìí nítorí ààbò tàbí ìlera ìlú. Ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà gan-an: òfin. Kì í ṣe ariwo ẹnu gómìnà, kì í ṣe ìkéde rédíò.

Ibí ni a ti padà sí ilẹ̀kùn bàbá mi. Láti ìgbà ológun yẹn ni sànítéṣọ̀n ti ń ti àwọn ará Èkó mọ́lé. Ológun lọ ní 1999, alágbádá dé, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó di ìgbà tí agbẹjọ́rò kan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, tí adájọ́ sọ ní March 2015 pé kò sí òfin kankan tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti há àwọn èèyàn mọ́lé nítorí sànítéṣọ̀n. Ní November 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí i. Mo ka èyí fún bàbá mi lórí fóònù pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Ó wá ní: "Kò sí òfin kankan ńbẹ̀?"

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé ìbò dídì nìkan ti tó. Ìjọba tí a dìbò yàn ló ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti June 2021 sí January 2022, ìyẹn oṣù méje. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a rí ibi tí a gbé ẹjọ́ náà lọ: ní July 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ẹ má kọ́ ọmọ ní orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ fẹ́ràn. Yóò gbà á, ṣùgbọ́n yóò dẹ́kun láti máa bèèrè.

Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń bèèrè. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bi àgbà ní "ta ló fún yín láṣẹ?" yóò gba ìgbátí, wọn ò sì ní í ka ìgbátí náà sí ìninilára. Mo kọ́ tèmi láti kúnlẹ̀ kó tó bèèrè, kó ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ni." Ìkúnlẹ̀ yẹn kò dín ìbéèrè náà kù rárá. Kó sì mọ̀ pé kì í ṣe ojú ọlọ́pàá tó gbé ìbọn dání ni a ti ń ka abala 35. Níbẹ̀, ó máa sọ orúkọ rẹ̀, yóò sì béèrè pé kí wọ́n pe òbí òun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun kan ní àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá òfin kan tó kàn án lójoojúmọ́ níta ilé yín, kó wádìí ẹni tó ṣe é. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n ń gbà níwájú ọjà, ó lè jẹ́ pápá ìṣeré tí wọ́n tì pa. Tiwa ni géètì òpópónà wa, tí wọ́n ń tì láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní ìta kò lè wọlé tó bá pẹ́, àfi tó bá fún aṣọ́nà lówó.

Ọmọ mi bi aṣọ́nà pé ta ló ṣe òfin náà, ó ní alága ẹgbẹ́ onílé ni. Ó kọ lẹ́tà, ní Yorùbá, ojú ìwé kan. Ó kí wọn dáadáa, ó ní òun mọ̀ pé nítorí olè ni. Ó wá béèrè nǹkan mẹ́ta: ìgbà wo ni wọ́n ṣe òfin náà, àwọn wo ló wà ní ìpàdé náà, àti ta ni kí ẹni tí géètì tì mọ́ta lọ bá. Èmi ni mo bá a mú un lọ, òun ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún alága.

Alága wọ awò rẹ̀, ó kà á lórí ìdúró, ó tún un kà. Ó ní àwọn onílé mọ́kànlá ló wà ní ìpàdé. Ọmọ mi ní: "Àwọn ayálégbé mélòó ni sà?"

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní ìpàdé tó ń bọ̀ di Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó sọ fún ẹni tó ń ta ẹ̀wà kó wá.